Kí Ló Dé Tí Nọ́ọ̀sì Fi Ń Bi Wá Ní Ìbéèrè Tó Bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin wa, àti ẹ̀yin baálé ilé pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn obìnrin máa ń sọ bí wọ́n bá ti ọsibítù dé. A ń gbọ́ ọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a ń gbọ́ ọ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, kò sì sí ibi tí a kì í gbọ́ ọ. Wọn a ní, “Mo gbé aláìsàn lọ kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ni nọ́ọ̀sì bá jókòó tì mí, ó ń da ìbéèrè bò mí bí ọlọ́pàá. Ó ní ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní kí ló jẹ lánàá? Ó ní àgbo wo la fún un mu? Ó ní ṣé ó sùn? Ó ní ta ló ń bá a gbé? Kí ni gbogbo ìyẹn kàn án?”

Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹni tí ó bá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìbéèrè nọ́ọ̀sì kò wúlò, ìdáhùn tí ó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò fún un. Yóò ní, “A kò tíì fún un ní nǹkan kan,” bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti ń mu àgbo láti òwúrọ̀, wọ́n sì ti ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, wọ́n ti lò ó dé ìdajì. Oògùn ọsibítù yóò wá lọ bá òmíràn nínú ọmọ, nọ́ọ̀sì tí ì bá sì ti ṣọ́ra kò ní mọ ohun tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí á jùmọ̀ yẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wò lónìí, kí ẹ lè mọ ìdí tí ó fi ń ṣe ohun tí ó ń ṣe, kí ẹ sì mọ èyí tí ó kan ẹ̀yin ará ilé níbẹ̀.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nọ́ọ̀sì ni ẹni tí ó ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, tí ó ń fọ egbò, tí ó sì ń ṣe ohun tí dókítà bá ní kí ó ṣe. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Dókítà ń wá àrùn: ó fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, kí ó lè mọ oògùn tí yóò fi lé e. Nọ́ọ̀sì ń wo ènìyàn tí àrùn náà ń bá jà: ṣé ó lè jẹun, ṣé ó lè dìde fúnra rẹ̀, ṣé ó ń sùn, kí ni ó ń bà á lẹ́rù, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí ó bá padà délé. Ibà kan náà lè mú ènìyàn méjì ní ọjọ́ kan náà, kí dókítà kọ oògùn kan náà fún wọn, síbẹ̀ kí ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì yóò fún ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì pátápátá.

Ọ̀nà kan sì wà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ̀ káàkiri ayé láti ṣe iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì a kọ́kọ́ bèèrè, a sì fi ojú àti ọwọ́ wo aláìsàn. Lẹ́yìn náà a pinnu ohun tí ó jẹ́ ìṣòro ẹni yìí gan-an. A wá ṣe ètò, a ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti ṣètò rẹ̀, a sì padà wá wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń dáko mọ èyí dáadáa. Àgbẹ̀ a wo ilẹ̀, a mọ ohun tí ilẹ̀ náà gbà, a pinnu ibi tí yóò kọ ebè sí, a gbin iṣu rẹ̀, a sì tún padà lọ wò ó bóyá ó hù. Èyí tí kò bá hù, a hú u, a wo ohun tí ó bà á jẹ́, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí í gbin iṣu tán kí ó gbàgbé oko títí di ọjọ́ ìwalẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn Híjírà, tí í ṣe 627 nínú ìkà ọdún àwọn òyìnbó, nígbà Ogun Kòtò ní Mẹ́dínà, ọfà ba Saadu ọmọ Muaasi, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábè, ó sì gé iṣan apá rẹ̀. Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí wọ́n gbé e sí àgọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Rufaida, ará ìdílé Aslam, ẹni tí ó ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú àgọ́ rẹ̀ ní mọ́sálásí. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí ó lè wà nítòsí, kí á lè máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn: a kò gbé aláìsàn jù sí kọ̀rọ̀ kan. Ọgbẹ́ náà ni ó pa Saadu lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ó wà láìní ẹni tí ń wò ó.

Ní 1854 ni Florence Nightingale, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ó ń ka iye àwọn tí ó kú, ó ń kọ ohun tí ó pa wọ́n sílẹ̀, ó sì fi hàn pé ìdọ̀tí àti àrùn ń pa ọmọ ogun ju ọgbẹ́ lọ. Ní 1860 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni ọmọ wa, Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, ti kọ́ iṣẹ́, òun ni ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá UCH ní Ìbàdàn ní 1964, ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọsibítù náà. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ oyè.

Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ọ̀nà tí a ń sọ yìí ní orúkọ. Lydia Hall sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 1955. Ní 1967, Helen Yura àti Mary Walsh kọ odindi ìwé lé e lórí, wọ́n sì pín in sí ìpele mẹ́rin. Nígbà tí ó di 1973, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà fi í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn jù ni Ida Jean Orlando, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí obìnrin yìí ṣe rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Ó lọ ń dúró ti àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ ohun tí aláìsàn wí àti ohun tí nọ́ọ̀sì ṣe sílẹ̀. Ó rí i pé nígbà púpọ̀, nọ́ọ̀sì kàn ń méfò ohun tí ń ṣe aláìsàn ni, kò bi í. Bí obìnrin kan bá ń sunkún lórí ibùsùn, nọ́ọ̀sì lè rò pé ara ń ro ó, kí ó fún un ní oògùn ara ríro. Bóyá ọmọ ọwọ́ tí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ orogún rẹ̀ ni ó ń sunkún sí. Oògùn wo ni yóò wo ìyẹn? Orlando ní nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gba èrò ọkàn ara rẹ̀ gbọ́ títí yóò fi bi aláìsàn léèrè. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ìbéèrè tí à ń bínú sí nílé wa, òun gan-an ni obìnrin yìí ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa bèèrè.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni a ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí kò ní irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá àgbà kan wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni wọ́n jọ ń gbé. Ààwẹ̀ Ramadani ku oṣù méjì. Aládùúgbò kan rí ẹ̀jẹ̀ lára bàtà ìyá yìí, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó rí egbò lábẹ́ àtàǹpàkò, ó sì fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà wò ó, ó ní súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ó kọ oògùn, ó sì ní kí wọ́n máa wẹ egbò náà.

Bí iṣẹ́ bá parí síbẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì jókòó tì í.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Ẹsẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé ó ń dùn yín?”

“Kò dùn mí rárá, ọmọ mi. Kì í ṣe nǹkan ńlá.”

Ẹlòmíràn yóò dúpẹ́ pé kò dùn ún. Nọ́ọ̀sì yìí kò dúpẹ́. Ó ní kí Ìyá di ojú, ó mú fọ́nrán ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi púpọ̀, ó ń bi í pé, “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?” Ìyá kò mọ ìgbà tí ó kàn án. Àtọ̀gbẹ tí ó bá ti pẹ́ lára a máa pa iṣan tí a fi ń mọ ìrora ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wà bẹ́ẹ̀ lè tẹ ẹyin iná, kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Ṣé ẹ ń lo oògùn yín, Ìyá?”

“Mò ń lò ó.”

“Ẹ jẹ́ kí n rí páálí rẹ̀.”

Páálí tí ó yẹ kí ó ti tán ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò pariwo, kò pè é ní onírọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣàlàyé fún mi.” Ìyá wá ní owó oògùn ni kò tó. Bí òun bá lo ọ̀kan lónìí, òun a fi ti ọ̀la sílẹ̀, kí èyí tí àwọn ọmọ rà lè dé ìparí oṣù, nítorí òun kò fẹ́ máa yọ wọ́n lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ń wọ bàtà nínú ọgbà ilé: rárá. Ó bi í ohun tí ó fi sí egbò náà: omi gbígbóná àti iyọ̀. Ó bi í bóyá yóò gba ààwẹ̀. Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. “Ààwẹ̀ kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti bàlágà, n kò fi ṣeré rí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi ni kí ẹ ti wo ìyàtọ̀. Ohun tí dókítà kọ ni àtọ̀gbẹ àti egbò ẹsẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ ni pé ìyá yìí kì í mọ̀ bí nǹkan bá ń pa á lẹ́sẹ̀, nítorí náà ó lè tún fara pa. Pé kì í lo oògùn pé nítorí owó. Pé ó fẹ́ gba ààwẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á. Àti pé kò sí àgbà nílé tí yóò máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tí abẹ́rẹ́ lè wò. Bí a bá sì kàn ń wẹ egbò náà tí a kò fọwọ́ kan àwọn yòókù, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ètò tí ó ṣe, òun àti Ìyá ni wọ́n jọ ṣe é. Ó fi rúlà wọn egbò náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ó gbọ́dọ̀ ti kéré sí bí ó ti wà. Ìyá kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, ìbáà ṣe nínú yàrá. Kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná mọ́. Nígbà márùn-ún lójúmọ́ ni omi àlùwàlá ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò ní kí ó má ṣe àlùwàlá, ó ní kí ó máa fi aṣọ mímọ́ nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, kí omi má sì kan ibi tí wọ́n bá fi báńdéèjì dì. Ó pe ọmọ-ọmọ náà, ó kọ́ ọ bí yóò ti máa yẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wò lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tìsàlẹ̀-tòkè, àti àárín ìka pẹ̀lú. Ó pe ọmọ Ìyá ní Èkó lórí tẹlifóònù, ó sọ iye oògùn tí oṣù kan gbà fún un láìfi bò. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ìyá òun ń pín oògùn sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni ó le jù. Fún ẹni tí súgà rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, tí egbò sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìṣègùn ni pé kí ó má gbà á. Ọlọ́run Ọba fúnra Rẹ̀ sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Sura Bakara, ẹsẹ 184 àti 185, pé kí ó san án ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí kò bá sì lè gbà á mọ́ rárá, kí ó máa bọ́ tálákà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá kàn pàṣẹ pé, “Ẹ má gbààwẹ̀,” ṣé ẹ rò pé ìyá tí ó ti ń gbà á láti ọdún yìí wá yóò gbọ́? Yóò dákẹ́ ni, yóò sì lọ gbà á. Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, “Ìyá, àáfà wo ni ẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀?” Àáfà ni ó bá Ìyá jókòó, tí ó ka ẹsẹ náà, tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, Ìyá sì gbà láti máa bọ́ tálákà.

Àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn fúyẹ́, tí dókítà sì gbà fún láti gbààwẹ̀, ní ti wọn ó yẹ kí wọ́n ti lọ rí i kí oṣù tó wọlé, kí ó lè yí àkókò oògùn padà sí sààrì àti ìṣínu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ súgà wọn wò nínú ààwẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ, tàbí tí ó gòkè kọjá 300, kí wọ́n ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Bí òógùn bá ń bò wọ́n, tí ara ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́, súgà ti ń wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún wọn ní ohun dídùn, kí ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, Ìyá padà wá. Nọ́ọ̀sì wọn egbò náà. Bí ó ti wà ni ó wà, kò dínkù. Ìyá ń lo oògùn, ó ń wọ bàtà, ọmọ náà ń yẹ ẹsẹ̀ wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń sọ pé oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́, tí nọ́ọ̀sì aláìbìkítà náà sì máa ń sọ pé olórí kunkun ni aláìsàn. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè. Ó ní, “Ìyá, ẹ fi bí ẹ ti ń kírun hàn mí.” Ìyá kírun níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó forí kanlẹ̀, àtàǹpàkò tí egbò wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó fi ti ilẹ̀. Nígbà tí ó ń dìde, òun náà ni gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀. Ẹ ka iye ìforíkanlẹ̀ tí ó wà nínú ìrun ọjọ́ kan. Báwo ni egbò yóò ti san? Ní ọjọ́ náà ni ètò yí padà: Ìyá yóò máa kírun lórí àga títí egbò yóò fi jinná, gẹ́gẹ́ bí a ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ní ìgbà mìíràn tí ó padà wá, egbò ti ń sún kì.

A mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ lórí ìyá yìí nítorí pé ìpadàwò ni àwọn ará ilé ń fojú kéré jù. Wọ́n rò pé bí a bá ti gba oògùn, ó ti parí. Ẹ wo ti ejò. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà ní etí igbó ẹranko ìjọba, Old Oyo National Park, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni gbogbo agbègbè wa. Irú paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ẹni tí ó bù jẹ sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti inú. Nọ́ọ̀sì a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, a gbé e kalẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìmì í, a wá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń ṣàn bí omi, oró ti wọ ara, oògùn aporó ni ó kàn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, yóò tún gba òmíràn wò. Bí kò bá tíì dì, aporó yóò tún wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé ọkọ yín tí ejò bù jẹ lọ, tí ẹ rí i pé ara rẹ̀ ti fúyẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jí i gbé lọ sílé ní òru nítorí owó ibùsùn. Ìgò kejì yẹn ni yóò sọ bóyá ó ti bọ́.

Ní ti ọmọdé, ilẹ̀ Yorùbá ti fi ọgbọ́n kan han gbogbo ayé. David Morley, dókítà òyìnbó kan, ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956 sí 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì kan, wọ́n sì ń fa ìlà láti àmì kan dé òmíràn. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà; bí kò bá gòkè mọ́, nǹkan ti ń ṣe é, bí kò tilẹ̀ sunkún. Wọn kò kó káàdì náà pamọ́ sí ọsibítù. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi í sí, kí ó mú un lọ sílé. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú rẹ̀. Irú káàdì yẹn ni ó tàn ká orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́yìn náà, òun náà sì ni ẹlòmíràn nínú wa fi ń bo ìkòkò omi nílé lónìí!

Ọ̀rọ̀ ìtìjú wa náà ń kọ́? Obìnrin tí kò fẹ́ kí ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ rí ara òun lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè bóyá nọ́ọ̀sì obìnrin wà, kí wọ́n fa aṣọ ìkélé, kí wọ́n má sì ṣí ju ibi tí wọ́n fẹ́ wò lọ. Ẹni tí kò lè fọwọ́ kan omi lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe tayamọ́mù. Gbogbo ìwọ̀nyí wà lára ohun tí ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bèèrè kí ó sì kọ sílẹ̀. Bí kò bá bèèrè, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú sùúrù. Ohun tí kò dára ni kí á fi ìtìjú bo àrùn mọ́ra, bí àwọn tí ọmú wọn ti le bí òkúta tí wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

A kò sọ pé gbogbo nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe bí èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń na aláìsàn, ìbéèrè tí a sì fi ìjágbe bi ènìyàn kì í mú òtítọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ wọn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ sí ìlú òyìnbó àti ilẹ̀ Sàúdì, àwọn tí ó kù kò sì tó. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù ní òru, ìbéèrè àti àkọsílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fò, nítorí abẹ́rẹ́ kò ṣeé fò. Ní èrò tiwa, ìjọba tí ó kọ́ ilé ìwòsàn tí kò sì fi nọ́ọ̀sì tí ó tó síbẹ̀, ògiri ni ó kọ́. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmúrasílẹ̀ ará ilé a máa dín wàhálà kù púpọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ, ẹni tí ó ń bá a gbé gan-an ni kí ó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ẹni tí ó lówó jù nínú ẹbí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò sínú ọ̀rá kan, páálí òfìfo pẹ̀lú, kí ẹ sì mú ìgò àgbo náà dání bí ó bá wà. Ẹ má ṣe tijú rẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ mú káàdì ìwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ohun tí ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ nílé àti àmì tí yóò mú kí ẹ tètè padà wá, kí ẹ tún un sọ létí rẹ̀ kí ó gbọ́ bóyá ó yé yín. Ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò tún fẹ́ rí aláìsàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sí ara káàdì kí ẹ tó gun ọ̀kadà.